Tí Wọ́n Bá Gbá Ọkọ̀ Yín Lẹ́yìn n'Íkòròdú: Ẹ Má Parí Ọ̀rọ̀ Lójú Títì

Ẹni tí wọ́n gbá lẹ́yìn ló sábà máa ń jàre, òun náà ló sì sábà máa ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ju àre ọ̀hún nù. Kì í gba ìdajì wákàtí. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á na owó díẹ̀ sí i, á gbà á, á wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn á gan.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ògólóńtò ni, nínú gó-sìlóò àárọ̀, a ń sún bí ìgbín. Kórópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, gbá mi lẹ́yìn. Ìgò omi tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi fò lọ ba dáṣíbọ́ọ̀dù, ìdérí ẹ̀ ṣí, omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ṣì ń wò tí awakọ̀ náà fi dé ẹnu fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ fojú ọmọ wò mí. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, ojoojúmọ́ ni mò ń sanwó fún ẹni tó ni ín." Mo gba ₦15,000 lọ́wọ́ ẹ̀, owó bọ́ńpà. Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹ́ ríváàsì jáde nínú ọgbà, ọrùn kò yí. Odindi ara ni mò ń yí, bí ẹni tí wọ́n de pátákó mọ́ lẹ́yìn. Owó tí mo ná sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn, ₦15,000 kò tó ìdá mẹ́ta ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà awakọ̀ náà títí, kò wọlé.

Ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé

Fóònù tó ní iná àti àyè fún àwòrán. Bírò àti ìwé kékeré nínú ọkọ̀, nítorí fóònù lè fọ́ níbi ìjàǹbá náà. C-caution méjì, àmì onígun mẹ́ta tó ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Fọ́tò láísẹ́ǹsì yín, ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìnṣọ́ránsì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba Èkó ni 767 tàbí 112. Ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122. Ẹ tún wá fáìlì oníláílọ́ọ̀nù kan tí gbogbo rìsíìtì á máa wọ̀. Ohun tó kù ni ibi ìgbórílé àga ọkọ̀ yín: kí òkè ẹ̀ bá òkè orí yín dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú wa rọ̀ ọ́ sílẹ̀ débi ọrùn, tí wọ́n bá sì gbá wa lẹ́yìn, orí á rí ibi ṣẹ́ sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dúró, ẹ ṣọ́ ẹ̀yìn, ẹ yẹ ara yín wò

Ẹ pa íńjìnnì, ẹ tan hásáàdì. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ wo mírọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Màìlì 12 kò dúró de ẹnikẹ́ni: bọ́ọ̀sì BRT ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà tiẹ̀ láàárín, ọ̀kadà sì ń gba àlàfo tí ẹ rò pé kò sí. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Ṣàgámù ni, lápá Òdógúnyàn tí tírélà ti ń wọlé jáde nílé iṣẹ́, ẹ tètè kúrò láàárín títì pátápátá, pàápàá lálẹ́. Ẹ ka nǹkan bí 50 ìṣísẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ tó gbé C-caution kalẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbé ti búùtù kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá bi àwọn èrò inú ọkọ̀ léèrè, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ni ọrùn ń dùn? Ta ni ọwọ́ ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fi ọwọ́ sùn? Ta ló fi orí gbá nǹkan?

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Àwọn èèyàn á sáré dé, tàánútàánú, wọ́n á fẹ́ fa ẹni tí ọrùn ń dùn jáde lápá. Ẹ má gbà. Àfi tí iná bá ń jó, tí epo ń jò, tàbí tí ọkọ̀ mìíràn lè tún wá gbá a, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó wà, kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ẹ̀ mú jẹ́ẹ́jẹ́ títí olùrànlọ́wọ́ fi máa dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé gbogbo èrò ti dáhùn orúkọ, tí wọ́n sì lè mi ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀? Ṣé C-caution wà lójú títì? Ṣé ẹ ti pè?

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya àwòrán, ẹ gba orúkọ, ẹ má gba owó

Ẹ kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè, kí ọkọ̀ méjèèjì àti ojú títì hàn pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sún ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ súnmọ́ ọn: nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ibi tó fọ́ lára tiẹ̀ àti tiyín, ojú ibi tí táyà ti fà nílẹ̀, àti ohunkóhun tí wọ́n kùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tẹ bíréèkì yín kí ẹ fi fídíò ya iná ẹ̀yìn. Lọ́la, wọ́n lè sọ pé iná yín kò tàn. Tí LASTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ fún ìjọba Èkó, bá ti ń pariwo pé kí ẹ kúrò lọ́nà, àwòrán òkèèrè náà ló ṣe pàtàkì jù. Ìyókù ṣeé yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ ya láísẹ́ǹsì awakọ̀, ìwé ọkọ̀, ìwé ìnṣọ́ránsì. Ẹ bèèrè orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni ọkọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kórópe àti danfo kì í ṣe oní ọkọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ náà sì lè dáhùn fún ohun tí awakọ̀ ẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro. Ẹ lọ sórí askniid.org, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà síbẹ̀, ẹ ó rí i bóyá ìnṣọ́ránsì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ní ti ẹlẹ́rìí, èmi gba ẹni tó ní ibùjókòó ju ẹni tó ń kọjá lọ. Èrò inú kórópe á ti wọ ọkọ̀ mìíràn kí ẹ tó yí ojú. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ibẹ̀ náà lẹ máa bá wọn lọ́la. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ gba nọ́ńbà wọn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Ibí yìí gan-an ni. Ẹ̀bẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Agbérò á dá sí i: "Alhaji, ẹ jẹ́ kó ṣe nǹkan fún yín, kó máa lọ, ọlọ́pàá á kàn jẹ owó yín ni." Ẹnìkan á mú ìwé wá pé kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti gbà, ó ti tán. Ẹ má fọwọ́ sí i. Kò gba ìbínú. Ohun tí mo máa ń sọ báyìí ni: "Àbúrò, mi ò bá ẹ jà. Fún mi ní nọ́ńbà ẹ àti ti ọ̀gá ẹ, ká jọ lọ kọ ọ́ ní tẹ́ṣàn." Tó bá di dandan kí ẹ gba owó ọkọ̀ tó máa wọ́ tiyín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó wíwọ́ ọkọ̀ nìkan ni, kò kan àtúnṣe, kò kan ìpalára, kí ó fọwọ́ sí i.

Ẹ lè kí i pé "ẹ pẹ̀lẹ́" o. Ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ohun tí kò dá yín lójú, bíi "bóyá èmi náà ni mo tẹ bíréèkì jù."

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ẹni tó gbá èèyàn lẹ́yìn kò lè jàre láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló yẹ kó fi àyè sílẹ̀ tó lè fi dúró, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bi fi sábà máa ń wà lọ́rùn ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ríváàsì, tàbí ẹ já wọ iwájú ẹ̀ lójijì, tàbí iná bíréèkì yín ti kú, wọ́n lè pín ẹ̀bi náà. Tó bá sì jẹ́ pé tírélà ló ti danfo lu yín, awakọ̀ danfo kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ dójú lé. Ẹ ya ẹ̀yìn danfo náà pẹ̀lú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣí fóònù yín. Ṣé nọ́ńbà ọkọ̀ náà ṣeé kà? Ẹ pe nọ́ńbà tí awakọ̀ fún yín lójú ẹ̀. Ṣé fóònù ọwọ́ ẹ̀ ló dún?

Ìgbésẹ̀ 3: Ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an

Nígbà tí wọ́n gbá yín lẹ́yìn, àga ti ara síwájú, orí kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn, ó wá ṣẹ́ tẹ̀lé ara. Iṣan àti okùn tó so eegun ọrùn pọ̀ á nà ju bó ṣe yẹ lọ. Whiplash ni àwọn dókítà ń kọ sínú ìwé. Kò nílò eré púpọ̀. Kórópe tó gbá mi kò sáré ju ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ológeere lọ. Ìrora lè má yọjú fún wákàtí mélòó kan, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó lè jẹ́ ọrùn gígan, ẹ̀fọ́rí tó ti ìpàkọ́ wá, òòyì, èjìká ríro, tàbí kí ara kàn máa rẹni lásán.

Ará Ìkòròdú lè lọ sí General Hospital Ìkòròdú. Àwọn tó wà lápá Ìjẹ̀dẹ̀ ní General Hospital Ìjẹ̀dẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Ẹ má sọ fún dókítà pé "ara ń ro mí díẹ̀." Ẹ sọ pé wọ́n gbá ọkọ̀ yín lẹ́yìn, wákàtí tó ṣẹlẹ̀, bóyá ẹ de bẹ́líìtì, bóyá orí gbá nǹkan, kí ẹ wá ka gbogbo ibi tó ń dùn láti orí dé ẹsẹ̀, títí kan èyí tó ń tì yín lójú láti sọ. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ọjọ́ kìn-ín-ní, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á ní kò sí níbẹ̀ rí.

Ẹ padà sáré lọ, kódà láàárín òru, tí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí: ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń kú tàbí tí kò lágbára, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tó ń bọ́ lára láìmọ̀, tàbí ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò jáde, ẹ̀fọ́rí tó ń le sí i pẹ̀lú èébì, oorun tó ń gbé èèyàn lọ tí kò ṣeé jí, omi tó mọ́ gaara tó ń jáde nímú tàbí létí, èémí tó ń há. Aláboyún ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bí nǹkan kan kò tiẹ̀ dùn ún.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí tàbí àdí fa ọrùn yín, kó yí i títí á fi dún "kà". Mi ò ní kí ẹ má bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun, ṣùgbọ́n eegun ọrùn tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dán ọwọ́ wò. Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tí dókítà bá ti ní eegun kò ṣẹ́, ẹ máa yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe gbà. Yìnyín tí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, máa ń tù ú lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Paracetamol oní-500 mg kò gbọ́dọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24 fún àgbàlagbà.

Ẹ wá mú ìwé kékeré yẹn, kí ẹ máa kọ ìlà kan lálaalẹ́. Tèmi nìyí, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n: "Ọjọ́ kẹrin: mi ò lè gbé garawa omi. Mo jí lẹ́ẹ̀mejì lóru. Mi ò lọ síbi iṣẹ́." Ìlà mẹ́ta yẹn wúlò ju pé kí ẹ dúró níwájú adájọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ kí ẹ máa sọ pé "ó dùn mí gan-an."

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé déètì wà lórí káàdì ilé ìwòsàn? Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló fà á? Ṣé orúkọ yín ló wà lórí gbogbo rìsíìtì, títí kan ti kẹ́míìsì?

Ìgbésẹ̀ 4: Ìwé ọlọ́pàá

Tẹ́ṣàn tó ni ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ máa lọ, kì í ṣe èyí tó súnmọ́ ilé yín. Ẹ ṣọ́ra lápá Ògìjo: tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ wà, ọlọ́pàá Ògùn ló ni ín. Ìwé tí LASTMA bá fún yín kì í ṣe ìwé ọlọ́pàá.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín ní ṣókí, bí ojú yín ṣe rí i: "Ní nǹkan bí aago 7:40 àárọ̀, mo dúró nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, mò ń kọjú sí Màìlì 12. Ọkọ̀ iwájú mi ti dúró. Ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì. Ọkọ̀ báyìí báyìí gbá mi láti ẹ̀yìn. Ọrùn àti èjìká òsì ń dùn mí." Ó tó. Ẹ má sọ iye eré tí òun ń sá tí ẹ kò bá rí i. Ẹ bèèrè pé kí VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba, yẹ ọkọ̀ méjèèjì wò kí wọ́n tó gbé wọn lọ, nítorí ìwé VIO ló máa sọ bóyá bíréèkì ẹni tó gbá yín dára.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Wọ́n lè rọ̀ yín pé kí ẹ jọ parí ẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé "wọ́n ti yanjú ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí." Tí ẹ kò bá tíì yanjú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wọ ìwé. Ẹ ka gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san fún ìwé, ẹ béèrè rìsíìtì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Orúkọ ọlọ́pàá tó mú ọ̀rọ̀ náà, déètì, nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì láìṣàṣìṣe. Létà kan ṣoṣo tó bá yí nínú nọ́ńbà ọkọ̀ lè dá yín padà sí tẹ́ṣàn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìnṣọ́ránsì

Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá yín lẹ máa kọ̀wé sí. Tí ẹ bá ní comprehensive, ìnṣọ́ránsì tó bo ọkọ̀ tiyín náà, ẹ lè lọ bá iléeṣẹ́ tiyín kó sanwó, kó lọ gbà á padà lọ́wọ́ tọ̀hún. Ọ̀nà yìí yá jù. Third party, èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe, ni gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ₦15,000 ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara ẹni lọ́dún, ohun ìní tó lè san fún sì tó ₦3 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ìpalára ara wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́ńpà nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ kó ìwọ̀nyí pọ̀: ìwé ọlọ́pàá, àwòrán, ìwé iye àtúnṣe láti ọwọ́ méjì ó kéré tán, ìwé dókítà, rìsíìtì, ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì yín. Owó tí kò wọlé náà wà níbẹ̀. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó tí ẹ tì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà tí ẹ tà lójoojúmọ́ àti àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rí yín. "Mo máa ń pa ₦20,000 lójúmọ́" láìsí ìwé, ẹnu lásán ni.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ lọ bá pánẹ́lì bítà kí aṣojú iléeṣẹ́ náà tó rí i. Ìkejì burú jù: wọ́n á gbé discharge voucher, ìwé pé ẹ ti gba owó yín, wá kí ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ full and final síbẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti tán pátápátá, ohunkóhun tó bá tún jáde lára yín lẹ́yìn náà, ó ṣòro kí ẹ tún gba kọ́bọ̀. Tí dókítà kò bá tíì ní ẹ ti gbádùn, ẹ ní kí wọ́n san ti ọkọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ìpalára ṣì wà nílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì lù wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹ̀sùn yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí wọ́n bá kọ̀

Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ kọ̀wé fẹ̀sùn kàn án lọ́dọ̀ NAICOM, tó ń ṣàkóso gbogbo wọn. Ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì, ẹ dojú kọ awakọ̀ àti ẹni tó ni ọkọ̀. Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń bá èèyàn yanjú ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rán àwọn èèyàn mi lọ, torí onímọ́tò tó ń sá fún ọlọ́pàá máa ń jẹ́ ìpè wọn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Office of the Public Defender, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni.

Small Claims Court ti Èkó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí iye ẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Ó dára tí ẹni náà bá ti kọ̀wé pé òun á san iye báyìí, tó wá ń yẹ̀ ẹ́. Owó ìrora àti ìyà kì í ṣe ti ibẹ̀. Ìyẹn nílò agbẹjọ́rò. Tí ẹ bá ti gba agbẹjọ́rò, ẹ rí i pé ó fi ẹjọ́ náà tó iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì létí ní ìwé kó tó gbé e lọ sí kóòtù.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Ọjọ́. L'Ékòó, ọdún 3 péré ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ ìpalára ara tí àìbìkítà ẹlòmíì fà. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá yín, tí awakọ̀ ẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó lè jẹ́ oṣù 3 péré. Ìpàdé ẹbí, ìpàdé ẹgbẹ́ onímọ́tò, "ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá", ìkankan nínú wọn kì í dá ọjọ́ yẹn dúró.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà fóònù yín báyìí. Ẹ ka oṣù 3 àti ọdún 3 láti ọjọ́ ìjàǹbá náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì fi agogo sí i ní oṣù kan ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.